Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tó Ń Mu Kẹrosíìnì

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta kẹrosíìnì ní Sàńgó Ọ̀tà, mi ò sì tíì rí ẹni tó bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á kàn gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Oníkẹrosíìnì, èyí ò lómi nínú o?" bíi pé èmi ni mo gbẹ́ kànga tó ti jáde. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ, wọ́n bi mí. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì ló sì fà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ogun o. Ìdí àtàǹpàkò mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní kí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó wá buwọ́ lùwé. Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ dìde. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì, àkẹtẹ̀ tó dé lọ́jọ́ náà lè gba ènìyàn mẹ́ta lọ́wọ́ òjò. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì fa ìrù kan sí ìdí rẹ̀ tó gùn dé etí ìwé. Ó wá kàn mí. Akọ̀wé ò tilẹ̀ bi mí léèrè ohunkóhun. Ó wo ìbòrí mi, ó wo ọwọ́ mi, ó ti páàdì yíǹkì sí iwájú mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, àna mi ti ṣí báàgì, ó ti yọ tíṣù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ fi nu ọwọ́ yín, kó má baà ba aṣọ yín jẹ́."

Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, èsì ò wọ́n mi rí. Ṣùgbọ́n oore ló ṣe mí, kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Mo rẹ́rìn-ín, gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, yíǹkì sì wà lábẹ́ èékánná mi títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi kejì wá sọ pé òun náà ti rí ọkọ. Inú mi dùn, mo gbàdúrà fún un. Nígbà tó lọ tán, mo wo àtàǹpàkò mi. Mo ní, "Ìwọ yìí, o ò ní buwọ́ lùwé fún mi mọ́."

Bí mo ṣe di ọmọ iléèwé nìyẹn.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjù ni wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà, lọ́jọ́ Túsídeè àti Tọ́sídeè, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n fún wa. Bí mo bá jókòó, orúnkún mi á máa kí àgbọ̀n mi. Tíṣà wa jẹ́ ẹni tí mo lè bí, oníṣọ́ọ̀ṣì ni òun náà, ẹni jẹ́jẹ́. Ó máa ń gbàdúrà kó tó kọ nǹkan sójú pátákó, àwa Mùsùlùmí á sì ṣe àmín tó ròkè, torí ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń ka ara ògiri kiri ìgboro: Ilé yìí kì í ṣe títà. Má tọ̀ síbí, ìwọ ewúrẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọjá lára àwọn ògiri yẹn, mi ò mọ̀ pé èébú ni wọ́n ń bú wa.

Wàyí o, kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ dìde lọ́jọ́ ìparí níwájú olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, kó ka ojú ìwé kan sókè, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó bá kùnà á pa dà sí A, B, D. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ìgbéyàwó ọmọ mi. Mi ò ní ọdún mìíràn tí mo fẹ́ fi pa dà sí A, B, D.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn ojú ìwé náà ní Yorùbá. Ó kọ orí ọ̀rọ̀ wọn sínú bébà pélébé, ó ká wọn, ó kó wọn sínú abọ́ oníke méjì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa. Ó ní ká to ìlà. Nígbà tó kàn mí, mo ti ọwọ́ bọ búlúù. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú iṣẹ́ tiwa, kẹ́ẹ̀gì búlúù ni mo fi ń gbé kẹrosíìnì, pupa ni ti pẹtiróò. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, iná ló máa ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọwọ́ mi ti ń lọ síbi búlúù láì bi mí. Ọ̀rọ̀ gàdàgbà wà lára abọ́ náà: ỌKÙNRIN. Mo lè kà á o. Mi ò kàn rántí pé mo ti ń kàwé ni.

Mo tú bébà mi. Mo pe àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ-kọ̀ o-gun a-bẹ́ o-mi.

"Màmá, ẹ ti ṣì í mú," ni Tíṣà wí. "Ti àwọn bàbá nìyẹn. Abọ́ pupa ni tiyín. Ẹ dá a pa dà, mà."

"Tíṣà, ọwọ́ ta ló mú un?"

"Ọwọ́ yín ni, mà, ṣùgbọ́n..."

"Ó ti tán."

Kò tán. Bébà tí mo mú dín ti àwọn ọkùnrin kù. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà wọn ni bàbá kan láti Alapoti. Bàbá Agbára là ń pè é, torí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Agbára ló ti darúgbó sí ìdí ẹ̀rọ kí wọ́n tó fún un ní ìfẹ̀yìntì. Ó ti ọwọ́ bọ búlúù, kò bá nǹkan kan. Ó di dandan kó lọ sí pupa. Ó tú u, ó kà á, ojú rẹ̀ wá rí bí ojú ẹni tí ata ta sí. Bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

"Ìyá Oníkẹrosíìnì, gbé e wá síbí," ló wí. "Ẹ̀rọ niṣẹ́ mi. Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ogun ṣe?"

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́fà."

"Ta ló ń wẹ̀ wọ́n?"

Ó ká bébà náà pa dà.

"Ẹ lọ kà á nígbà náà. Kò tíì pẹ́ jù."

Tíṣà ò sinmi. Ó wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì mi, ó ń fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra kí epo má baà kàn án. Ó ní òun bẹ̀ mí, ojú ìwé ọkọ̀ náà gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le, òun ò fẹ́ kí n kùnà, kí èmi àti Bàbá Agbára ṣe pàṣípààrọ̀.

Mo ní, "Tíṣà, ọmọ mélòó ni mo ti wẹ̀? Bí mo bá di ojú, mo lè ka ojú ìwé yẹn fún yín láti òkè délẹ̀. Olùdánwò á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi á mọ̀ pé orí ni mo fi kà á, kì í ṣe ojú. Èyí tí mi ò mọ̀, òun ni mo fẹ́ kà."

Ó ní, "Mà, ẹ ó yọ mí lẹ́nu."

Mo ní, "Mo ti ń yọ yín lẹ́nu látìgbà tí ẹ ti rí mi."

Nígbà tí mo wá jókòó ti ojú ìwé náà, ìlà mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ń lè kà, ní àárín oníbàárà kan sí èkejì. Ọkọ̀ kan ni, ọ̀kan lára àwọn tí àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ kàn láti máa rìn lábẹ́ òkun. Wọn ò fún un lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fún un, ẹẹ́sàn-án. Tín-ín-rín ni, irin yí i po. Tó bá wà lábẹ́ omi, bátìrì ló ń gbé e rìn. Tó bá léfòó sókè... Ibí ni mo ti lọgun tí obìnrin kan tó wá ra òwú sítóòfù fi sá sẹ́yìn. Kẹrosíìnì! Kẹrosíìnì ni wọ́n ń bù sínú ẹ̀rọ rẹ̀! Ìwé ní wọ́n ń bẹ̀rù pẹtiróò, torí oòru rẹ̀ máa ń gbaná nínú ibi tó há. Mo sọ fún obìnrin náà pé, "Ṣé o rí i? Àwọn ará Jámánì náà mọ ìyàtọ̀ búlúù àti pupa."

Ó ní, "Ìyá, gáàsì layé ń lò báyìí."

Mo ní, "Ìwọ tó ò ń lo gáàsì, kí lo wá ń fi òwú ṣe?"

Ìwé tún ní ọkọ̀ náà ní àlèébù. Èéfín ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń funfun, á ki, ọ̀tá á sì rí i láti ọ̀nà jíjìn. Páìpù gíga kan ni èéfín ń gbà jáde. Kí wọ́n tó lè rì wọ inú omi, wọ́n gbọ́dọ̀ tú páìpù yẹn palẹ̀, kí wọ́n dí ojú ihò rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń sá pa mọ́, ó kọ́kọ́ ń fi èéfín júwe ara rẹ̀, ó sì tún ní láti tú ilé kó tó wọlé! Nínú rẹ̀, omi á máa kán láti ara irin sójú ẹni tó sùn. Tí wọ́n bá sì yin ọta tó ń rìn lábẹ́ omi, imú ọkọ̀ á fúyẹ́, á fẹ́ yọ sókè, ọ̀gá wọn á pariwo, gbogbo wọn á sáré lọ síwájú kí ìwúwo wọn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí àwọn onímárúwá ọ̀nà Ìjù ṣe ń ṣe wá gan-an nìyẹn, tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ sún síwájú, táyà ti fẹ́ gbéra!"

Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí lójoojúmọ́ títí mo fi dé ìdajì ojú ìwé. Ní ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Mo padà sórí ìlà mẹ́ta kan náà fún ọjọ́ mẹ́rin, kì í ṣe pé mi ò lè kà á.

Ọjọ́ ìdánwò pé. A wẹ̀, a múra bí ìgbà tí a ń lọ sí Yídì. Ọmọ mi àgbà ti lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ni mo bá rí àkẹtẹ̀ náà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo kí i, ó kí mi. Mo gbé àpò kan sábẹ́ àga mi. Olùdánwò jẹ́ obìnrin tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Ó fi ìwé orúkọ wa, bírò àti páàdì yíǹkì sórí tábìlì. Mo rí páàdì yẹn. Ó rí mi.

Bàbá Agbára ṣáájú mi. Ó wẹ ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni ń ka òfin ilé-iṣẹ́. Olùdánwò bi í bí omi ṣe yẹ kó gbóná tó. Ó ní, "Kí ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án ná." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yege, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó dúró kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú tirẹ̀ buwọ́ lùwé ná.

Ó kàn mí.

Mo kà á. Mo lọ́ra, mi ò parọ́. Níbi "àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ", mo dúró, mo tún un kà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, mo ní kó dúró dè mí, tirẹ̀ ń bọ̀. Mo ka bátìrì, mo ka kẹrosíìnì, mo ka páìpù. Mo ka òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun àgbáyé kìíní, tí àwọn inú ọkọ̀ náà rí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta lókèèrè, tí wọ́n tètè pa ẹ̀rọ kí èéfín má baà tú wọn fó, tí wọ́n rì sísàlẹ̀. Mo ka bí wọ́n ṣe yin àkọ́kọ́. Mo wá dé orí ìlà mẹ́ta yẹn.

Mo dákẹ́.

Tíṣà rò pé ọ̀rọ̀ náà ló le. Ó sọ ọ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ní ohùn wẹ́lẹ́: "Ọ-kọ̀ ke-jì..."

"Mo rí i," ni mo wí. "Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí."

Mo mí. Mo kà á. Ọkọ̀ kejì àti ìkẹta rò pé bọ́ǹbù tí wọ́n dẹ sínú omi ni àkọ́kọ́ kọlù. Wọn ò sá. Wọ́n dúró, wọ́n ń fa àwọn arákùnrin wọn jáde nínú omi. Níbi tí wọ́n dúró sí ni ọkọ̀ abẹ́ omi náà ti yìnbọn fún wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó kú láàárọ̀ yẹn, àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ojú omi wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní kíláàsì mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé ìwé ń sọ̀rọ̀. Wọn ò sọ fún mi pé ó lè sọ irú èyí síni lójú, kó má sì sí ẹni tí èèyàn máa dá lóhùn.

Mo parí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ọkọ̀ náà ti gbó, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe ti ayé òde òní mọ́. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́. Nígbà tí Jámánì pàdánù ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n wó o, ó di irin kọ̀ndẹ́mù. Àwa tí ilé-iṣẹ́ ń yọ́ irin kọ̀ndẹ́mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Olùdánwò ti awò rẹ̀ sókè. "Ẹ ṣeun, mà. Ìbéèrè yín rèé: kí ló fà á tí èéfín ọkọ̀ náà fi ń funfun?"

Tíṣà bu ọwọ́ bo ẹnu. Ìdáhùn ò sí lójú ìwé. Ó kọ pé ó ń funfun, kò kọ ìdí rẹ̀. Kí n tó lanu, Bàbá Agbára ti na ọwọ́ sókè: "Mà, omi ló wà nínú kẹrosíìnì wọn!"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú mi láti ogún ọdún! Mo yíjú sí i.

"Bàbá, ẹ rọra wẹ ọmọ yín. Kẹrosíìnì tó lómi nínú máa ń ta pàù-pàù ni, iná rẹ̀ á máa fò. Olùdánwò, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi sí fáráńdà."

Mo fa àpò mi jáde, mo gbé sítóòfù tí mo kó sínú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, torí mo ń retí kí wọ́n bi mí nípa kẹrosíìnì, kalẹ̀ sí ìta. Tíṣà ń pe Jésù. Mo ṣáná sí i, mo jẹ́ kó jó títí iná fi di búlúù. Mo ní, "Ẹ wò ó, èéfín dà?" Kò sí. Mo yí òwú sókè jù, ó yọ dúdú. Mo ní, "Iná pọ̀, afẹ́fẹ́ ò tó o. Èyí tó ń ba ìdí ìkòkò jẹ́ nìyẹn." Mo wá yí òwú sílẹ̀, mo fẹ́ ẹ pa. Èéfín funfun dìde, ó ki, ó gba gbogbo fáráńdà, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀, mà. Kẹrosíìnì tútù ni. Kì í ṣe pé ó jó. Kò rí iná tó máa jó o tán ni, ló ṣe ń sá jáde. Kẹrosíìnì ò lẹ́bi. Inú ẹ̀rọ wọn ò gbóná tó láti jó o tán. Àwọn tó kàn án ló yẹ kí ẹ bi."

Obìnrin náà nu awò ojú rẹ̀. "Kò sí nínú ìwé yìí."

"Rárá o, mà. Ìwé kan ò lè gba gbogbo rẹ̀."

Olùdánwò ń wo Tíṣà, Tíṣà ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá Agbára wúkọ́ tán tó sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó bi í: "Mà, òótọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ wa ní Agbára, tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i láàárọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì tutù, funfun ló máa ń tú. Tó bá gbóná tán, kò ní í tú u mọ́. Ọdún tí mo fi ń wò ó pọ̀, n kò ronú nípa rẹ̀ rí." Ó yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n o lè fi ẹnu sọ ọ́, kì í ṣe kó o fi èéfín pa wá."

Olùdánwò rẹ́rìn-ín, ó sì fi àmì sí iwájú orúkọ mi. Ó ní mo yege, kí n wá buwọ́ lùwé.

A pa dà wọlé. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ìwé orúkọ wa, ọwọ́ rẹ̀ sì ti páàdì yíǹkì sọ́dọ̀ mi, láìwo ibi tí ó ń tì í sí, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tèmi náà ṣe lọ síbi abọ́ búlúù. Mo gbé ìka kan lé e, mo tì í pa dà títí ó fi kan báàgì rẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, àna mi ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wá nǹkan nínú báàgì tirẹ̀.

"Ẹ̀yin àna mi," ni mo wí, "ẹ fi tíṣù yẹn sílẹ̀ o."

"Tíṣù kẹ̀?" Ó yọ bírò jáde, dúdú, ó ń dán. "Mo rí i pé ti orí tábìlì yẹn ti ń jò ni."

Mo gbà á. Orúkọ mi gùn, ti bàbá mi tún gùn jù ú lọ, mi ò sì yọ lẹ́tà kankan sílẹ̀. Olùdánwò wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo ń kọ lọ. Nígbà tí mo dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, mo fa ìrù sí i, ó kúrò lórí ìlà tèmi, ó ré sí ti ìsàlẹ̀, ó gba ibẹ̀ kọjá dé etí ìwé.

Bàbá Agbára tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Ìyá Oníkẹrosíìnì, ààyè tèmi lo kọ nǹkan sí yìí o. Níbo lèmi fẹ́ kọ tèmi sí?"

Mo ní kó yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, ààyè pọ̀ níbẹ̀.